Bí A Ṣe Lè Fi Oúnjẹ Kápá Káńdídà, àti Ibi tí Agbára Oúnjẹ Mọ

Ní Adó-Èkìtì àti ní àwọn ìlú tó yí i ká, bí ojú ara bá ń yún obìnrin, tí omi funfun tó ki bí wàrà sì ń jáde, orúkọ tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni “tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́ṣọ̀n”. Orúkọ yìí ti kó ìtìjú bá ọ̀pọ̀ ènìyàn láìnídìí, nítorí pé ilé ìyàgbẹ́ kọ́ ni wọ́n ti kó o. Ohun tí ó sábà máa ń fa irú ìyọnu bẹ́ẹ̀ ni káńdídà, ọ̀kan nínú ẹbí olú, ìbátan ìwúkàrà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń pè ní yíìsì. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, ó sì ń gbé inú ẹnu, inú ìfun àti ojú ara ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le, láì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ìgbà tí ó bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀. Nínú obìnrin mẹ́rin, nǹkan bí mẹ́ta ni ó máa ń yọ lẹ́nu ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní ayé wọn, nítorí náà kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó máa fi orí pamọ́ nítorí rẹ̀.

Olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé ni mí, èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni káńdídà padà sí mi lára láàárín ọdún kan. Wọ́n ní kí n má jẹ búrẹ́dì mọ́ nítorí ìwúkàrà inú rẹ̀, mo fi búrẹ́dì sílẹ̀. Wọ́n ní iyán ni, mo fi iyán sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko, nínú ilé tí a kì í ti í fi ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ṣeré láì gún uyán, gẹ́gẹ́ bí àwa ará Èkìtì ṣe ń pè é. Mo ra kápúsù oríṣi mẹ́rin, mo sì gbé gbogbo wọn mì. Nígbà tí mo wá lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní òwúrọ̀ kí n tó fẹnu kan nǹkan, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ mílígíráàmù 148 nínú désílítà kan. Ó yẹ kí ó wà ní ìsàlẹ̀ 100, bí ó bá sì ti tó 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyẹ̀wò kejì sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àtọ̀gbẹ ni àwọn dókítà ń pè é. Àyẹ̀wò kan yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ohun tí mo ti rà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń bá jà

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ń yúnni ni káńdídà. Káńdídà sábà máa ń mú kí ojú ara yúnni gidigidi, kí ó pọ́n, kí ó sì ta bí a bá ń tọ̀; omi tí ń jáde a máa funfun, a máa ki, kì í sì í sábà rùn. Bí omi náà bá ṣàn, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, tí ó sì ń rùn bí ẹja, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwọn bakitéríà ni wọ́n gbòde. Bí ó bá ní àwọ̀ ìyeyè tàbí àwọ̀ ewé, tí ó sì ń hó, ó lè jẹ́ àrùn mìíràn tí ìbálòpọ̀ ń gbé kiri, tí ó sì pọn dandan kí a tọ́jú ọkọ pẹ̀lú aya. Oògùn káńdídà yàtọ̀ sí ti àwọn méjì yòókù. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn káńdídà sí ti bakitéríà yóò kàn máa náwó ni, àìsàn náà yóò sì máa rìn lọ. Àyẹ̀wò tí ó ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí kò le: wọn yóò fi òwú mú díẹ̀ nínú omi náà, wọn yóò sì wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ẹ béèrè fún un ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ó bá súnmọ́ yín, kí ẹ sì ṣe àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ bí ìyọnu náà bá ti ń padà wá lemọ́lemọ́.

Àyẹ̀wò kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ jọ̀wọ́ gbàgbé. Wọ́n ní kí ènìyàn tu itọ́ sínú ife omi ní ìdájí, pé bí itọ́ náà bá ta gbòǹgbò lọ sí ìsàlẹ̀, káńdídà ti kún inú rẹ̀. Kò sí òtítọ́ kankan níbẹ̀. Itọ́ ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ a máa ki, itọ́ tó ki a sì máa rì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bákan náà ni àwọn tí wọ́n ń sọ pé káńdídà inú ìfun ló ń fa àárẹ̀, orí fífọ́, ìgbàgbé àti ìbànújẹ́ ọkàn lára ẹni gbogbo. Láti ọdún 1986 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà onímọ̀ nípa àwọn ohun tí ara ń kọ̀ ní Amẹ́ríkà ti sọ pé èrò yìí kò ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ń rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má tó, ibà lè wà lára rẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ ṣúgà. Kí ó má ṣe jẹ́ kí orúkọ káńdídà bo àìsàn rẹ̀ mọ́ ọn lójú.

Ohun tí ń ṣí ilẹ̀kùn fún un

Nínú ojú ara obìnrin, àwọn bakitéríà rere kan wà tí ń ṣe omi kíkan, wọ́n sì ń mú kí ibẹ̀ kan tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àlejò búburú kò fi lè rí ibi jókòó. Nígbà tí ènìyàn bá lọ sí kẹ́míìsì, tí ó ra kápúsù olójú méjì tí ń pa bakitéríà nítorí ọ̀fìnkìn tàbí inú rírun, láì sí dókítà tí ó kọ ọ́ fún un, oògùn náà a máa pa àwọn bakitéríà rere yìí pẹ̀lú. Kò lè pa káńdídà, nítorí pé káńdídà kì í ṣe bakitéríà. Ilẹ̀ ti ṣófo nìyẹn, káńdídà sì ni yóò gbà á. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin àbúrò mi dì mú bí èyí: dídẹ́kun kápúsù tí kò nídìí a máa dáàbò bo ènìyàn ju ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí a ń yẹra fún lọ.

Ilẹ̀kùn kejì ni àtọ̀gbẹ tí a kò kápá. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ìtọ̀ jẹ́ oúnjẹ fún káńdídà, ó sì ń dín agbára àwọn sójà ara kù. Àwọn oògùn àtọ̀gbẹ kan tilẹ̀ wà, bíi dapagliflozin àti empagliflozin, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti da ṣúgà sínú ìtọ̀, nítorí náà káńdídà máa ń wọ́pọ̀ lára àwọn tí ń lò wọ́n, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ sọ fún dókítà, ṣùgbọ́n ẹ má dá oògùn náà dúró fúnra yín. Oyún pẹ̀lú a máa ṣí ilẹ̀kùn yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò apa-sójà-ara, oògùn stẹ́rọ́ìdì, àti eyín àtọwọ́dá tí a kì í yọ lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan ilé ìdáná

Búrẹ́dì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ tú sílẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n. Ìwúkàrà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì kì í ṣe káńdídà, ìbátan rẹ̀ lásán ni, iná ààrò sì ti pa á kí búrẹ́dì tó dé ọjà. Bí ẹ bá fẹ́ dín búrẹ́dì kù, kí ó jẹ́ nítorí ṣúgà àti ìyẹ̀fun funfun inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹmu náà kò yàtọ̀: ìwúkàrà inú rẹ̀ kọ́ ni wàhálà, bí kò ṣe ṣúgà inú ẹmu tuntun fún ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ.

Ẹni tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára kò ní ìdí kankan láti sá fún iyán. Kò tíì sí ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin pé yíyẹra fún gbogbo oúnjẹ afúnnilágbára ń wo káńdídà sàn, mo sì ti rí obìnrin tí ó fi irú ìfebi-para-ẹni bẹ́ẹ̀ rù hangogo nígbà tí ó lóyún, èyí tí ó léwu fún òun àti ọmọ inú rẹ̀. Fún ẹni tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n wà. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo ń bu iyán tí ó tó ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ mi kan, kì í ṣe òkìtì tí a máa ń gbé ka iwájú àlejò, mo sì ń jẹ́ kí ẹ̀fọ́ àti ẹja gba ìdajì àwo. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ebòlò, ọ̀dú àti ewúro kò wọ́n ní Ọjà Ọba, okun inú wọn tí a ń pè ní fáíbà sì ń mú kí ṣúgà inú oúnjẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ̀wà tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ tàbí èkuru pẹ̀lú ẹ̀kọ kan ní òwúrọ̀ yóò gbé ènìyàn dé ọ̀sán láì jẹ́ kí ojú rẹ̀ máa wá ohun dídùn kiri. Ọsàn, kí ẹ jẹ ẹ́ tòun ti ẹran inú rẹ̀, kí ẹ má fún omi rẹ̀ mu.

Ibi tí ó yẹ kí a ti mú ọ̀bẹ jáde gan-an ni ohun mímu. Ṣúgà inú ẹlẹ́rìndòdò, inú tíì tí a fi hóró ṣúgà mẹ́fà sí, àti inú ògì tí a bu ṣúgà sí títí ó fi dà bí oyin, kì í yó ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ kí ó tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ má ṣe ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa lọ. Fún àgbàlagbà, èyí tó nǹkan bí gíráàmù 50, ó sì sàn jù bí a bá lè mú un wá sí 25. Ẹ yí ìgò ohun mímu yín sí ẹ̀yìn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ gíráàmù ṣúgà sí, kí ẹ sì fi mẹ́rin pín in: iye tí ẹ bá rí ni iye ṣíbí ìmutíì tí ẹ fẹ́ gbé mì. Kí ẹ ṣàkíyèsí bóyá iye tí wọ́n kọ jẹ́ ti gbogbo ìgò tàbí ti mílílítà 100 péré, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í kà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí a wọn ṣúgà náà sínú àwo funfun kan lójú gbogbo kíláàsì, kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ògì, omidùn àti wàrà kíkan

Wọ́n máa ń bi mí bóyá ògì wa kò lè ṣe iṣẹ́ tí àwọn kápúsù bakitéríà rere ń ṣe. Ìbéèrè tó dára ni. Bí a bá rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí a lọ̀ ọ́, tí a sẹ́ ẹ, tí a sì jẹ́ kí ó kan, àwọn bakitéríà tí ń ṣe omi kíkan ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì pọ̀ nínú omidùn tí ń dúró lókè rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá po ògì lórí iná, ooru ti pa wọ́n. Ẹ̀kọ jẹ́ oúnjẹ rere, kò kàn ní bakitéríà alààyè nínú mọ́ ni. Omidùn tí a kò sè ní wọn, ṣùgbọ́n ó tún lè ní kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru nínú bí omi tí a fi rẹ àgbàdo kò bá mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mu ún, kí ó fi omi tí a ti sè tẹ́lẹ̀ tí ó sì ti tutù ṣe ògì rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó má ra omidùn ẹlòmíràn. Irú bakitéríà tí ń gbé inú ògì kì í sì í ṣe irú èyí tí ó máa ń pọ̀ jù lójú ara obìnrin, nítorí náà kí a má gbé ẹrù tí kò lè rù lé e lórí.

Ní ti yọ́gọ́ọ̀tì, ìwádìí kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1992 fi hàn pé àwọn obìnrin tí wọ́n ń jẹ irú èyí tí ó ní bakitéríà alààyè nínú lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà kò fi bẹ́ẹ̀ ní káńdídà bíi tàtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó dé òpin ìwádìí náà kò pọ̀ rárá. Ìwádìí mìíràn tí ó tóbi jù ú lọ, tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2004, rí i pé bakitéríà rere kò dá káńdídà dúró lára àwọn obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn apabakitéríà. Ìmọ̀ràn mi ni pé bí yọ́gọ́ọ̀tì bá bá yín lára mu, kí ẹ ra èyí tí wọn kò fi ṣúgà sí, kí ẹ jẹ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ. Kí ẹ má fi í sí ojú ara, kí ẹ má sì fi omidùn síbẹ̀.

Kápúsù, ààyù, epo àgbọn

Àfikún oúnjẹ tí ó ní ẹ̀rí díẹ̀ lẹ́yìn ni àwọn bakitéríà rere tí a fi kún oògùn tòótọ́, kì í ṣe èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀. Ó lè mú kí oògùn náà ṣiṣẹ́ dáadáa díẹ̀ sí i fún ìgbà kúkurú. Ẹni tí sójà ara rẹ̀ ti rẹ̀ gidigidi, tàbí tí ó wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, kí ó má lò ó láì béèrè lọ́wọ́ dókítà, pàápàá irú èyí tí ó jẹ́ ìwúkàrà alààyè, nítorí ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí.

Ààyù dára nínú ọbẹ̀. Ìwádìí kan tí ó jáde ní Ọsirélíà ní 2014 fún àwọn obìnrin ní ààyù gbé mì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì dín káńdídà ojú ara wọn kù. Mo bẹ̀ yín, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ààyù tútù bọ ojú ara. Ó ń jó awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ibẹ̀ bí iná. Ẹni tí ó bá sì ń lo warfarin kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà dì, kí ó ṣọ́ra fún kápúsù ààyù, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà lára rẹ̀ láì dá.

Epo àgbọn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn jù lọ létí wa, ó sì ní ìdí. Ní 2007, àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn tẹ̀ ẹ́ jáde pé epo àgbọn dá ìdàgbàsókè káńdídà dúró nínú àwo ìwádìí. Iṣẹ́ tó dára ni, iṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa sì ni. Ṣùgbọ́n inú àwo kì í ṣe inú ara: epo tí a jẹ yóò kọjá inú ikùn àti ìfun, ara yóò sì ti lò ó tán kí ó tó dé ibi tí a rán an sí. Kí ẹ tún mọ̀ pé epo a máa sọ rọ́bà kọ́ńdọ̀mù di aláìlágbára. Bóríìkì ásíìdì, tí àwọn dókítà máa ń lò fún káńdídà tí kò gbọ́ oògùn, kì í ṣe ohun tí a ń gbé mì. Májèlé ni bí ó bá gba ẹnu wọlé, aláboyún kò sì gbọ́dọ̀ lò ó rárá.

Bí ẹni tí ń ta kápúsù bá sọ fún yín pé ara yíyún, èébì àti orí fífọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ lò ó jẹ́ àmì pé káńdídà ń kú lọ, ẹ dá kápúsù náà dúró. Ara yín ń kọ̀ ọ́ ni. Nọ́ńbà NAFDAC lára páálí ṣe pàtàkì, ẹ máa wò ó, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ ni pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀, kò sọ pé ó ń wo káńdídà.

Oògùn, àti ìgbà tí a kò gbọ́dọ̀ dúró sílé

Oúnjẹ ń ṣe ọgbà yí ilé ká. Oògùn ni ó ń lé olè tí ó ti wọlé jáde. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, clotrimazole tí a ń fi sí ojú ara tàbí kápúsù fluconazole mílígíráàmù 150 kan ṣoṣo ti tó. Aláboyún kò gbọdọ̀ lo fluconazole. Clotrimazole ti ọjọ́ méje ni wọ́n sábà máa ń fún un. Ẹni tí ó bá ń ní in lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan lè nílò fluconazole lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, lábẹ́ ojú dókítà. Kí ẹ má máa lò ó lójú ìfura lásán. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi káńdídà tí ó wọ́pọ̀ jù yìí pẹ̀lú àwọn tí ó nílò àmójútó jù lọ nínú ẹbí olú tí ń fa àìsàn. Fífọ inú ojú ara pẹ̀lú ọṣẹ, omi álọ́ọ̀mù tàbí oògùn apakòkòrò ń lé àwọn bakitéríà rere lọ. Omi lásán ní ìta ti tó.

Bí àgbàlagbà bá rí funfun nínú ẹnu rẹ̀, tí kò lo eyín àtọwọ́dá tàbí oògùn ikọ́ fée (ásímà) tí a ń fi ẹnu fà, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò kòkòrò apa-sójà-ara àti ti ṣúgà. Bí oúnjẹ bá ń dun ọ̀nà ọ̀fun bí ó ti ń lọ sílẹ̀, kí ó má di ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ibà tàbí inú rírun bá bá omi tí ń jáde lójú ara rìn.

Kí ẹ tó lọ, ẹ wá ìwé kékeré kan, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ìyọnu náà bẹ̀rẹ̀ sínú rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ rí nǹkan oṣù kẹ́yìn, gbogbo kápúsù tí ẹ lò láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn títí kan èyí tí ẹ rà ní kẹ́míìsì nítorí ọ̀fìnkìn, àgbo tí ẹ mu, àti iye ìgò ohun mímu dídùn tí ẹ ń mu lọ́sẹ̀. Ẹ kó páálí àwọn kápúsù náà sínú àpò, kí ẹ má sì jẹun kí ẹ tó jáde, nítorí kí wọ́n lè yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an.